Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri ni kí ẹ ti ro ti wáyà nẹ́tíwọ̀kì o

Ilé tí à ń gbé báyìí, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, kò sì sí nǹkan tí mo bá àwọn oníṣẹ́ fà tó ọ̀rọ̀ wáyà nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri inú ilé. Oníná wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Wáífáì wà, ta ló tún ń fa wáyà kiri inú ilé?" Mo ní àbúrò mi, ògiri búlọ́ọ̀kù lèyí, dẹ́kìn tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, irin ló kún inú ẹ̀, Wáífáì tó bá kúrò ní pálọ̀, kó tó dé yàrá ẹ̀yìn lókè, agbára ẹ̀ ti tán. Ọ̀nà méjì ni Wáífáì sábà máa ń gbà nínú afẹ́fẹ́, 5 GHz tó yá jù yẹn gan-an ni ògiri máa ń dá dúró jù, 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá jù ú lọ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò yá tó o, ti gbogbo àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ yín náà sì tún wà lórí ẹ̀.

Mi ò ní ká má lo Wáífáì o. Ohun tí mò ń sọ ni pé wáyà ló yẹ kó gbé Wáífáì dé ibi tí a ti nílò ẹ̀, ẹ fi access point (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan Wáífáì ká) kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, kí wáyà tiẹ̀ lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí i pé gbogbo ilé máa dùn ún lò. Nǹkan tí kì í kúrò lójú kan, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kámẹ́rà, kí wáyà náà lọ bá wọn, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún fóònù.

Páìpù tí wáyà máa ń gbà nínú ògiri gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Wáyà máa ń bàjẹ́, ó sì máa ń di ti àtijọ́, lónìí ẹ lè máa lo Cat6 (irú wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan), tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i ó lè jẹ́ fáíbà (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́) lẹ máa fẹ́, tó bá sì jẹ́ inú páìpù ló wà, ẹ máa so tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́, ẹ ó fà á, ó ti wọlé nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá kàn tẹ̀ mọ́ ògiri tí wọ́n fi símẹ́ńtì bò, ó dìgbà tí ẹ bá fọ́ ògiri.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Páìpù tán lọ́jọ́ kan, ó ku yàrá kan ṣoṣo, àwọn bíríkìlà sì ti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì làwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri, oníná wá ní ká kàn tẹ wáyà yẹn sínú ojú ibi tí wọ́n gbẹ́, pé kò séwu. Ó ti rẹ̀ mí, mo gbà. A kó wọlé tán, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ a pe káfíńtà kó wá gbé àpótí ìwé kọ́ ògiri, díríìlì gba àárín wáyà yẹn kọjá. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn o! Ó dùn mí gan-an, torí wáyà pálọ̀ náà bàjẹ́ níjọ́ kan, kò sì gbà wá tó ìdajì wákàtí tí a fi fa tuntun wọlé, torí inú páìpù ló wà.

Nípa páìpù náà, 25 mm ni kí ẹ rà, 20 mm máa ń há tí wáyà bá ti pọ̀, níbi tó bá sì ti fẹ́ yà, ẹ jẹ́ kó rọra tẹ̀ dípò kí ẹ fi elbow gígan sí i, wáyà kì í fẹ́ gba ibi igun. Tí ìyànà bá ti ju méjì lọ, ẹ fi àpótí kékeré tí ẹ lè ṣí sáàárín. Kí ẹ sì fi okùn tí ẹ máa fi fa wáyà sínú gbogbo páìpù, kódà èyí tí ẹ ò tíì ní wáyà fún, ẹ so orí ẹ̀ méjèèjì kó má baà yọ́ wọlé. Ẹ fi páìpù kan sílẹ̀ láti ìta wọlé fún àwọn tó máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, àti òmíràn tó lọ sókè àjà.

Àwọn oníná máa ń fẹ́ fi wáyà iná àti wáyà nẹ́tíwọ̀kì sínú páìpù kan náà, torí pé ó dín iṣẹ́ kù. Ẹ má gbà rárá. Tí ara wáyà iná bá bó nínú ibẹ̀, iná máa gba wáyà kejì lọ bá rọ́útà, ó sì lè lọ bá ọwọ́ èèyàn. Yàtọ̀ síyẹn iná máa ń da ohun tó ń gba wáyà kejì kọjá láàmú, nítorí náà tí àwọn méjèèjì bá ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ jẹ́ kí àlàfo tó 30 cm wà láàárín wọn, tí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì.

Ohun míì tí mo tún ní láti jà fún ni pé wáyà nẹ́tíwọ̀kì ò dà bíi ti iná tí wọ́n máa ń gbà láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ sí òmíràn. Oníná ti ṣe yàrá méjì bẹ́ẹ̀ kí n tó dé, a ní láti tú u. Ibì kan ni gbogbo ẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, tiwa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná méjì àti ihò afẹ́fẹ́ torí switch (ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà nẹ́tíwọ̀kì máa ń pàdé sí) máa ń gbóná, ibẹ̀ ni wáyà kọ̀ọ̀kan ti máa gbéra lọ tààrà sí ibi tó ń lọ. Mo fi méjì méjì sí ibi kọ̀ọ̀kan, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Wáyà fúnra ẹ̀, Cat5e máa gbé 1 Gbps (ìwọ̀n bó ṣe yá tó) dé 100 mítà, Cat6 lè gbé 10 Gbps dé nǹkan bíi 55 mítà, Cat6A máa gbé 10 yẹn dé 100 mítà ṣùgbọ́n ó nípọn ó sì le. Cat6 ni mo lò, torí èyí tó gùn jù nílé wa ò tó 30 mítà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa kó jẹ́ bàbà gidi, torí èyí tí wọ́n ń pè ní CCA, àlùmíníọ̀mù ni, bàbà ni wọ́n kàn fi bo ara ẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha á, tí inú ẹ̀ bá funfun ẹ dá a padà fún wọn. Kámẹ́rà àti access point máa ń gba iná nínú wáyà yìí kan náà, CCA sì máa ń gbóná tí iná bá ń gba inú ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kan orí ẹ̀ (ìyẹn ike tí ẹ máa kì bọ ẹ̀rọ), wáyà tínínrín mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, méjì méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná ìta da ohun tó ń gba inú ẹ̀ kọjá láàmú, ẹ má tú u ju 13 mm lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà to àwọ̀ wọn, T568A àti T568B, bóyá A tàbí B lẹ tẹ̀lé, kó ṣáà rí bákan náà lápá méjèèjì. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ìdí àti orí gbogbo ẹ̀, ẹ tẹ́sìtì ẹ̀ kí bíríkìlà tó dé, kí ẹ tún tẹ́sìtì ẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ, torí ẹnu ọkọ́ wọn ti gé ọ̀kan mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, kí ẹ na tépù ìwọ̀n sára ògiri kó hàn nínú fọ́tò. Èmi ya ti gbogbo ilé àyàfi yàrá iṣẹ́ mi yẹn, torí ilẹ̀ ti ṣú. Lóṣù tó ń bọ̀ mo fẹ́ gba ẹsẹ̀ ògiri gbé wáyà tuntun lọ síbẹ̀, mo ti ra ike tó máa bò ó, bó bá sì ti rí mo máa fi fọ́tò ẹ̀ hàn yín.