Ilé Alápatà kan ní Stratford

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ilé tí wọ́n bí Shakespeare sí ni ọ̀pọ̀ àlejò ń rọ́ lọ wò ní Stratford-upon-Avon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òpópónà High Street ni mo ti lo òwúrọ̀ òní, níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Harvard House. Wọ́n gbẹ́ TR 1596 AR sára igi iwájú rẹ̀: Thomas Rogers ni TR, Alice ìyàwó rẹ̀ sì ni AR. Alápatà ni ọkùnrin náà, orí akọ màlúù tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ sì ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ọmọ tí Katherine, ọmọbìnrin wọn, bí ni John Harvard tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà.

Iná jó ìlú yìí ní 1594, ó tún jó o ní 1595, síbẹ̀ igi náà ni alápatà yìí fi kọ́lé. Kì í ṣe àìgbọ́n. Igi óòkù tó nípọn kì í tètè jó tán. Koríko orí òrùlé ni iná máa ń gùn láti ilé dé ilé.

Iṣẹ́ ọnà ojú ilé ni gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ní tèmi, káfíńtà ni ìyìn kọ́kọ́ tọ́ sí. Nínú irú ilé báyìí, ògiri kò ru nǹkan kan. Òpó àti ìtì igi ló ru àjà àti òrùlé. Wọn kì í dúró kí óòkù gbẹ kí wọ́n tó lò ó, nítorí pé tútù rẹ̀ ló rọ̀ fún àáké, bí ó bá sì ti ń gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó tán, ó máa ń fún oríkèé rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń lọ́, èyí tó fà á tí àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí fi ń dà bí ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn ti aládùúgbò. Ilẹ̀ ọgbà káfíńtà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń to igi pọ̀, wọn a fín àmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọn a tú u, wọn a sì tún un tò níbi tí ilé yóò wà. Wọ́n sábà máa ń dorí òpó kodò, kí ìdí igi tó tóbi jù wà lókè, níbi tí ìtì mélòó kan ti ń pàdé. Èèkàn óòkù ló dè wọ́n mọ́ra, kì í ṣe ìṣó.

Ẹ̀ka igi tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi amọ̀, koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́, ni wọ́n fi ń dí àlàfo àárín igi. Mo rántí ilé ìyá àgbà mi, níbi tí ògiri amọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbé òrùlé. Níbí, aṣọ lásán ni amọ̀ jẹ́.

(Dúdú àti funfun tí wọ́n ń kùn sára ọ̀pọ̀ irú ilé yìí, àṣà ayé Ọbabìnrin Victoria ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.)

Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mo ti mọ̀ pé ó ń fi àyè kún yàrá òkè níbi tí ilẹ̀ kò ti fẹ̀. Mo ṣì ń wá orí èèkàn kiri lára òpó nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Mo sún mọ́ ògiri sábẹ́ àjà náà, omi sì ń kán sílẹ̀ níwájú bàtà mi.