Màlúù tí fóònù ní ara rẹ̀ dá

Ọjọ́rú, oṣù kọkànlá. Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo jí. Òjò ń sẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òtútù ń wọni léegun. Nígbà tí mo fi máa dé oko, wọ́n ti tan iná ilé tí wọ́n ti ń fún wàrà, èéfín sì ń yọ lẹ́nu àwọn màlúù bí ìkòkò tó ń hó. Ilẹ̀ ti rọ̀ jù fún wọn láti máa jẹko, wọ́n ti kó wọn wọlé láti oṣù tó kọjá. Orí kọnkéré ni wọ́n ń rìn báyìí tọ̀sán-tòru, omi àti ìgbẹ́ kì í sì í tán lórí ẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ti òní sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ, torí ó ti da orí kẹta iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi rú.

Gbogbo màlúù oko yìí ló so bẹ́líìtì mọ́ ọrùn, àpótí kékeré kan sì wà lára bẹ́líìtì náà tó ń ka bí ọrùn ṣe ń mì. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá ẹran ń jẹun, bóyá ó ń jẹ àpọ̀jẹ, tàbí ó kàn ń rìn kiri. Màlúù tí ara rẹ̀ le máa ń jẹ àpọ̀jẹ bíi wákàtí 7 sí 8 láàárín ọjọ́ kan. Bí tiẹ̀ bá já wálẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, fóònù olóko á dún, nọ́mbà ẹran náà á sì pupa.

Ẹnu ọ̀nà àbájáde ni mo dúró sí pẹ̀lú bàbá tó ń tọ́jú àwọn màlúù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn ẹran ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń fún wọn ní máàkì ìrìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí, láti 0 dé 3: 0 ni èyí tó ń rìn dáadáa, 3 ni èyí tó ń tiro gan-an. Nígbà tó kan nọ́mbà 212, bàbá ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, òsì." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ò rí nǹkan kan. Mo yọ fóònù wò: àwọ̀ ewé ni nọ́mbà rẹ̀, kò pupa. Lánàá, ó ti jẹ àpọ̀jẹ ju wákàtí 8 lọ, wàrà rẹ̀ ò sì dín. Ọmọ olóko náà yọjú wo fóònù mi, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn yíjú sí mi, wọ́n ní, "Wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá ń lọ." Mo wá wò ó. Ẹ̀yìn yẹn tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, ìgbésẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì lọ. Máàkì 2 nìyẹn, èmi sì ti kọ 0 sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n há a mọ́ inú irin tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, wọ́n fi omi fọ pátákò rẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀bẹ ha á. Lábẹ́ èékánná tó wà lápá òde ni egbò náà wà, ẹran pupa tó tó ojú owó kọ́bọ̀. Nígbà tí àtàǹpàkò kàn án, gbogbo ara ẹranko yẹn gbọ̀n. Wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó mọ́ abẹ́ èékánná kejì tó yá, kí èyí tó ní egbò má baà kanlẹ̀ mọ́, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù. Egbò bẹ́ẹ̀ kì í yọ lóòjọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń bọ̀ lábẹ́ pátákò, gbogbo àkókò yẹn ni fóònù sì ń sọ fún wa pé ara 212 dá.

Ó dùn mí gan-an. Ohun tí ẹranko ńlá ń pa jẹ ni màlúù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyí tó bá sì fi hàn pé ara ń ro òun ló máa kọ́kọ́ kú. Torí náà, á máa jẹun, á máa jẹ àpọ̀jẹ, á fi ìrora pamọ́. Bẹ́líìtì tó jẹ́ pé jíjẹ nìkan ló ń tẹ́tí sí, báwo ló ṣe máa gbọ́ ti ẹsẹ̀? Nígbà tí mo sì wo ibi tí irú irinṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀, mo rí i pé bí wọ́n ṣe máa mọ ìgbà tí màlúù ń wá akọ ló gbé e dé oko. Bí olóko bá pàdánù ọjọ́ yẹn, ó di nǹkan bí ọjọ́ 21 kó tó tún rí òmíràn, owó sì ń lọ. Ìbéèrè owó ló kọ́kọ́ wà. Ìbéèrè àlàáfíà ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a ni.

Mi ò ní í torí ìyẹn purọ́ mọ́ bẹ́líìtì náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjì òru ló ké nítorí màlúù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ojú ẹnikẹ́ni ò sì lè tó o lásìkò yẹn. Dókítà ẹran dé, màlúù náà sì wà láàyè lónìí.

Lọ́dún 1965, ìgbìmọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Brambell ṣe alága rẹ̀ sọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé ó yẹ kí ẹran ọ̀sìn lè dìde, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yí ara padà, kó lè tọ́jú ara rẹ̀, kó sì lè na ẹsẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló ṣeé kà, ẹ̀rọ sì lè kà wọ́n. Òfin tí wọ́n ṣe níbí ní 2022 wá gbà pé ẹranko ń mọ nǹkan lára. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi há sí: kí la máa kà ká tó mọ ìyẹn?

Mo pe màámi ní Ìsẹ́yìn lálẹ́. Mo ròyìn 212 fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?" Mo ní nọ́mbà ni, mà. Wọ́n ní ìyá Fúlàní tó ń gbé wàrà wá fún àwọn mọ orúkọ gbogbo màlúù ọkọ rẹ̀, ó sì mọ èyí tí inú rẹ̀ ò dùn láti òkèèrè. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń bá a lé eṣinṣin báyìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo ti fa ìlà sórí tábìlì máàkì tí mo ń lò, mo sì ya òmíràn. Ojú mi ni ìlà àkọ́kọ́, ohun tí bàbá bá sọ ni ìkejì, fóònù ni ìkẹta, mi ò sì ní í ṣí i títí màá fi kọ méjì àkọ́kọ́ tán. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo tún máa jí lọ́la. Màá kọ́kọ́ fetí sí ìró pákó abẹ́ ẹsẹ̀ 212 lórí kọnkéré.