Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ ètò ìdána

Láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni mo ti jókòó ti ìwé ètò ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ ìyàwó, àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ́ mọ ohun tí ojú wọn yóò rí kí wọ́n tó wọ bàlúù wá sí Ìbàdàn. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Orí àkọlé gan-an ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Engagement ni gbogbo wa ń pe ìdána, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìgbà tí ìyá ọkọ ìyàwó rí i, wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣebí ọmọ àwọn ti fi òrùka sí ọmọ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, èwo ni engagement ẹlẹ́ẹ̀kejì? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, àdéhùn ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdílé méjì ló ń di àna ara wọn, tí alága ìdúró àti alága ìjókòó ń sọ̀rọ̀ síra wọn bí ẹni ń jà. Mo pa á rẹ́, mo kọ traditional wedding.

Owó orí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bride price ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n price jẹ mọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá a máa dá owó náà padà lójú agbo, wọn a ní àwọn kò ta ọmọ. Mo fi owó orí sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kan ṣoṣo, àṣà, ni Gẹ̀ẹ́sì pín kiri: habit jẹ́ ti ẹnì kan, custom jẹ́ ti àwùjọ, tradition sì ni èyí tí ìran kan gbé lé òmíràn lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí gbígbé nǹkan léni lọ́wọ́ ló ti wá. Ìyẹn wù mí. Superstition ni kò wù mí rárá, torí pé ó ti dá àwọn tó gba nǹkan náà gbọ́ lẹ́bi kí a tó gbọ́ tẹnu wọn. Fún èèwọ̀, mo rí taboo, ọ̀rọ̀ àwọn ará erékùṣù Tonga, tí James Cook, atukọ̀ ojú òkun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1777. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè yá ti Tonga, kí ló dé tí kò lè yá tiwa? Èèwọ̀ ni mo kọ.

Lálẹ́, ìyá ọkọ ìyàwó tún pè, wọ́n ní àwọn ti ń fi owó orí kọ́ra. Wọ́n pè é sí mi létí: owó òrí. Mo rọra sọ fún wọn pé òrí ni à ń fi para, mo sì ní kí wọ́n tún un pè.