Bí wọ́n ṣe dáná sun pápá lójú mi

Kí wọ́n tó tanná rárá, wọ́n ti ha ilẹ̀ yí pápá náà ká títí erùpẹ̀ fi hàn, kí iná má baà rí nǹkan jẹ kọjá ibẹ̀. Ọ̀gá wọn bu eruku, ó fọ́n ọn sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Apá ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí iná lè dojú kọ atẹ́gùn, kó sì máa rìn jẹ́jẹ́. Agolo ọlọ́mú gígùn tí dísù àti bẹntiróò wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kán iná sórí koríko, tó, tó, tó. Iná náà kò ga ju orúnkún mi lọ. Tata ń fò jáde, àṣá ń hán wọn lókè.

Mo fara mọ́ iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Koríko gbígbẹ tó bá jó lónìí, iná ńlá kò ní bá a níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le.

Kùkùté ló ń bà mí lẹ́rù. Iná lè wọ inú gbòǹgbò, kó tún rú jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bomi sí èyí tó bá ṣì gbóná.