Ẹni Tó Rẹ̀ Ló Yẹ Kó Wà Níwájú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ìdíje Kẹ̀kẹ́ ní Flanders

Bí ó bá jẹ́ pé láti oṣù Kẹta ni ẹ ti ń díje, tí oṣù Kẹsàn-án sì tún bá yín lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ já yín kulẹ̀. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ tán nínú ènìyàn ni agídí tí a fi ń du àyè mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú agbo àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ pọ̀, ó sì máa ń tán láìjẹ́ pé ènìyàn fura, nítorí ẹsẹ̀ ṣì ń yí, èémí kò sì tíì há. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni mo dé láti Flanders, apá àríwá Belgium. Itan ṣì ń ro mí, inú sì ń bí mi díẹ̀, nítorí náà bí ohùn mi bá le ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ bá mi fara dà á.

Gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń fi ìdíje kẹ̀kẹ́ kún iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní London ni ẹ mọ bí ọdún ṣe máa ń rí. Ojú ìdíje Hillingdon ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù kò tíì lọ. Bí ọjọ́ bá ti gùn, a ó bọ́ sí ọgbà Crystal Palace ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nínú báàgì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, a ó jí ní ìdájí láti wakọ̀ lọ sí ìgbèríko tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ọdún yìí ni mo kó máàkì 40 tí British Cycling, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje kẹ̀kẹ́ ní Britain, ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò ní ìpele kẹta bọ́ sí ìkejì, ara mi ni mo sì fi san owó rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi ń parí lọ, ìlùkìkì ọkàn mi ti ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àárọ̀ kí n tó dìde lórí ibùsùn, síbẹ̀ bí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè tí mo sì fẹ́ kí ó yára, kò ní yára mọ́. Oorun kò dùn. Ìyàwó mi ní mo ti ń bínú sí àwo oúnjẹ.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sún ìrìn àjò náà síwájú. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ó wà lọ́wọ́ tèmi. Dandan ni kí n gba físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, kí n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Belgium, yúrò 90 sì ni owó rẹ̀, láìka owó àwọn tí ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ sórí físà kì í yẹ̀ nítorí pé ó rẹ ènìyàn. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ti gba ìwé tí ó fún mi láyè láti díje nílẹ̀ òkèèrè, a sì ti sanwó ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé mọ́tò gba abẹ́ òkun láti Folkestone lọ sí Calais. Mo lọ, bí gbogbo yín náà ì bá ti lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe nígbà àríyá ọdọọdún àwọn abúlé Flanders ni mo bá lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní kermiskoers, nítòsí ìlú Oudenaarde. Inú ilé ọtí ni a ti ń forúkọ sílẹ̀, a ó sì fi owó díẹ̀ dúró lórí nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni a ó máa yí títì kan náà ká, èyí tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 8 lọ, títí yóò fi lé ní kìlómítà 100. Àwọn bàbá àgbà tí wọ́n jókòó ti bíà wọn ń pè mí ní Girmay, mo sì fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Biniam Girmay, ọmọ Ẹritríà, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba Gent–Wevelgem, ìdíje ńlá kan ní Flanders, ní 2022, kò sì sí ẹni tí ó gbàgbé rẹ̀ ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó wà ní ọjọ́ náà: nígbà tí ó ku díẹ̀, ẹni mẹ́rin péré ló wà níwájú, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò sí láàárín èrò tí ń lé wọn bọ̀.

Apá òsì ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, àgbàdo tí wọ́n ń gbìn fún màlúù máa ń ga ju ènìyàn lọ níbẹ̀, ó sì ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kórè apá kan, nítorí náà ibì kan wà lẹ́yìn kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì tí àgbàdo ti parí lójijì, tí pápá sì tẹ́ gbalaja. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ní ìyípo àkọ́kọ́, mo wà láàárín àwọn tó ṣíwájú nígbà tí a dé kọ́nà náà. Ní ìyípo kejì, ẹnìkan fi èjìká kàn mí, mo sì yẹ̀ fún un. Ní èyí tó tẹ̀lé e, àwọn méjì gba inú kọ́nà kọjá, mo sì sọ fún ara mi pé kò burú, màá tún bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pàdánù ènìyàn méjì, ènìyàn mẹ́ta, ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé agbára mi dín rárá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà kó ara wọn jọ síwájú, wọ́n sì fi agbára kún un bí a ṣe jáde kúrò lẹ́yìn àgbàdo. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sí apá òsì títì pátápátá, ẹnìkejì sá sí ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkẹta sá sí ọ̀tún ìyẹn, kí ẹnìkan lè máa bo ẹnìkejì lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, títí wọ́n fi tẹ́ kọjá títì bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí. Nígbà tí títì bá ti kún, kò sí ibi ìsápamọ́sí fún ẹni tó bá ṣẹ́kù. Àwa wà ní etí ọ̀tún, ní ìlà kan ṣoṣo, táyà mi wà níbi tí kọnkéré ti parí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbá mi lójú láìsí ẹni tí yóò gbà á fún mi. Táyà ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi ni mo ń wò. Kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí mi. Ó di gígùn apá. Ó di gígùn kẹ̀kẹ́ kan. Mo dìde lórí pẹ́dà, mo fi gbogbo ohun tí ó kù nínú mi sí i, àyè náà kò dín, kò sì pọ̀ sí i, ó kàn wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀fun mi ń gbóná, tí ojú mi sì ń ṣú. Lẹ́yìn náà mo jókòó. Kò sí ẹni tó ní kí n jókòó. Mọ́tò àwọn adájọ́ ìdíje ṣẹ́ fèrè, mo sì yà fún un.

Nígbà tí èmi àti àwọn mélòó kan tí a jọ já bọ́ tún yí dé abúlé, wọ́n fọwọ́ júwe wa kúrò lójú títì. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n wakọ̀ gbé wa wá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n ń gbé ní Peckham, ṣì di ike omi mi mú.

“Àbúrò, ṣé táyà ló jò ni?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Afẹ́fẹ́ ni.”

“Ṣé afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lu àwọn tó wà níwájú ni?”

Mo bínú sí wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n ìdáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Bí ó bá rẹ̀ wá, ẹ̀yìn agbo ni ọkàn wa máa ń fà sí, nítorí a rò pé ibẹ̀ ni ìsinmi wà. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ní kọ́nà, ẹni tó wà níwájú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán, tí yóò sì tún sáré gidigidi láti bá wọn, ní gbogbo kọ́nà, ní gbogbo ìyípo. Ẹni tí kò rẹ̀ lè rówó irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ kò lè rí i.

Ẹ̀kọ́ kejì ni oúnjẹ, kò sì gùn. Mo jẹun o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé n kò jẹun: mo se ìrẹsì lálẹ́, mo sì ń jẹ ohun tí ó tó gíráàmù 60 sí 90 ti súgà láàárín wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbà wá nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá wà níwájú, nítorí ní ẹ̀yìn, ọwọ́ kì í ráyè kúrò lórí bíréèkì. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ yí ojú títì náà ká kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mọ ibi tí àgbàdo ti parí, kí ẹ sì wà níwájú kí ẹ tó dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń tún sọ.

Mo sùn dáadáa, n kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì tún díje ní abúlé mìíràn kí físà tó parí. Ẹsẹ̀ mi kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kọ̀ láti yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní kọ́nà, ẹnìkan bú mi ní èdè wọn, mo sì parí rẹ̀ pẹ̀lú agbo.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀, oṣù Karùn-ún ni mo fẹ́ kí a lọ, kí ara tó kú. A lè fi ìwé físà sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, nítorí náà ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí a bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní Hillingdon. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ tètè sọ, nítorí mọ́tò ẹ̀gbọ́n kò gbà ju kẹ̀kẹ́ mẹ́rin lọ, wọ́n sì ti ní ọ̀kan jẹ́ tiwọn.