Ẹ̀rọ tó lọ́ tí kò jọ pé ó lọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ títo sílíkọ́nì, ìyẹn wíwá ipò gan-an tí awẹ́ sílíkọ́nì kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi kó tó yé mi.

CMS ni mo fi kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ ńlá tó ń wo pátíkù tó ń jáde nígbà tí pírótọ́ọ̀nù bá kọlura ní ilé ìwádìí CERN. Ó wà ní nǹkan bí 100 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Cessy, ní ilẹ̀ Faransé, awẹ́ sílíkọ́nì tó ń tọ ipasẹ̀ pátíkù nínú rẹ̀ sì lé ní 15,000. Àwọn tó sún mọ́ ibi ìkọlù jù lọ lè sọ ibi tí pátíkù gbà kọjá láìṣì ju nǹkan bí 10 máíkírómítà lọ. Irun orí kan nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọwọ́ ènìyàn kò lè gbé awẹ́ sípò débẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ipasẹ̀ fúnra wọn. A ó fa ìlà gba inú àwọn àmì tí pátíkù fi sílẹ̀, a ó wo àlàfo tó wà láàárín àmì àti ìlà, Millepede, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò náà, á sì wá ipò tí àlàfo yẹn ti kéré jù lọ fún gbogbo awẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, àlàfo mi dúró sórí òdo rẹ́gí. Mo sáré gbé àwòrán lọ bá ọ̀gá mi. Kò wò ó pẹ́. Ó ní, "Lọ wo Z."

Z jẹ́ pátíkù wúwo kan. Nígbà mìíràn, ó máa ń fọ́ sí múọ́nì méjì (pátíkù tó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tó wúwo jù ú lọ), tí iná mànàmáná ọ̀kan jẹ́ alámì ìròpọ̀, ti èkejì jẹ́ alámì ìyọkúrò. Láti ìgbà LEP, ẹ̀rọ ìkọlù tó wà ní CERN tẹ́lẹ̀, la ti mọ ìwúwo Z dájú, nǹkan bí 91.19 GeV (ẹyọ tí a fi ń wọn ìwúwo pátíkù). Ibi yòówù kí múọ́nì kọrí sí, kò yẹ kí iye yẹn yẹ̀. Tèmi yẹ̀. Bí múọ́nì alámì ìròpọ̀ bá kọrí sí apá kan, ó ga. Bó bá kọrí sí apá kejì, ó wálẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo tò ti lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ká ní ẹ yí awẹ́ kọ̀ọ̀kan yípo ọ̀nà tí pírótọ́ọ̀nù ń gbà, tí yíyí náà sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń kúrò ní àárín. Pátíkù tó bá ti àárín jáde yóò bá awẹ́ tó ti kúrò láyè, ìwọ̀n tó fi kúrò yóò sì máa pọ̀ bí ìjìnnà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Irú ìtẹ̀ tí òòfà ńlá inú CMS ń tẹ ipasẹ̀ gan-an nìyẹn! Ìlà yóò gbà á mọ́ra, àlàfo kò ní yí padà. Momentum (agbára ìrìn pátíkù, tí a ń mọ̀ láti ara bí ipasẹ̀ ṣe tẹ̀ tó) nìkan ni yóò yí: ti alámì kan á gòkè, ti èkejì á wálẹ̀. Millepede kò sì lè rí ohun tí kò hàn nínú àlàfo.

Nígbà tí mo fi ìwúwo Z kún ìṣirò náà ló tó tọ́. Mo tún fi ipasẹ̀ tí a gbà nígbà tí òòfà wà ní pípa kún un. Bí òòfà bá ti kú, ipasẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ gbọnrangandan, èyí tó bá tẹ̀, awẹ́ ló jẹ̀bi. Ẹ má sì fojú kékeré wo múọ́nì tó ń já bọ̀ láti ojú sánmà. Wọ́n ń gba òkè wọlé, wọ́n ń gba ìsàlẹ̀ jáde, láìkọjá ní àárín, wọ́n sì ń so awẹ́ tí ìkọlù kò lè so pọ̀. Ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá 2008, kí ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀ rárá, CMS ti gba nǹkan bí 270 mílíọ̀nù irú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òòfà ní títàn.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ pẹ̀lú, torí sílíkọ́nì kì í dúró sójú kan. Ní ATLAS, ẹ̀rọ mìíràn ní CERN, wọ́n rí i ní 2015 pé ìpele tó wà nínú pátápátá ń tẹ̀ ní nǹkan bí 10 máíkírómítà fún dígírì kan tí ìgbóná bá fi yí padà. Èmi náà da dátà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ rí, láìmọ̀ pé wọ́n pa òòfà, tí wọ́n sì tún tàn án, láàárín wọn, èyí tó máa ń sún awẹ́ kúrò láyè. Mo là á sí méjì ní ọjọ́ tí òòfà kú, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.