Kíúbù Kẹta

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Òní ló pé ọjọ́ 28 tí mo po kọnkéré tí mo fi ń ṣe ìwádìí. Mo yọ kíúbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn kọnkéré onígun tí a máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí wọ́n á fi fọ́ ká lè mọ bí wọ́n ṣe lágbára tó, kúrò nínú omi láàárọ̀, mo nù wọ́n, mo gbé wọn sórí ìwọ̀n: kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní òkúta gidi ló wà nínú wọn, wọn ì bá wọn tó kílò mẹ́jọ. Èèpo èkùrọ́ ni mo fi rọ́pò òkúta, òun ló fi fúyẹ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ kó o nílé, ńṣe ni ìyá mi káwọ́ lérán: "Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo fi ń dáná yìí náà ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ pè ọ́ ní dókítà?"

Iná ò lọ lónìí, ẹ bá mi dúpẹ́. Kíúbù àkọ́kọ́ gbé 387 kilonewton, ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ fi tẹ̀ ẹ́, kó tó fọ́. Èkejì, 378. Tí a bá pín in ká gbogbo ojú kíúbù, mílímítà 150 níbùú àti 150 lóròó, ó ń lọ sí nǹkan bíi 17 MPa, ìyẹn newton 17 lórí mílímítà kan níbùú lóròó. Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu mi. A gbé ẹ̀kẹta sí i, ẹ̀rọ ò tíì kùn jìnnà tí igun rẹ̀ kan fi já. 212.

Ọ̀gá láàbù ò sọ nǹkan kan. Ó ṣa àfọ́kù kan, ó gbé e sójú fèrèsé. Ihò wà nínú ẹ̀ tí ọmọ ìka mi wọ̀. Èèpo kàn jókòó lé èèpo, kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn. "Dókítà, o ò gún èyí délẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìpele mẹ́ta la fi ń kún mọ́ùdù tí a ń da kọnkéré sí, a sì gbọ́dọ̀ fi irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 35, ó kéré tán. Orí ìpele kejì ni mo wà tí fóònù fi dún. Mo fi èjìká há a mọ́ etí, ọwọ́ ń gún, ẹnu ń dáhùn. N ò mọ iye tí mo kà dé.

Láti ìgbà tí ilé alájà 21 ti wó ní Ìkòyí lóṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, kò sí bíríkìlà tí mo kọjá lára ẹ̀ tí n kì í fojú burúkú wò. Èmi náà rèé o, kíúbù mẹ́ta péré, nínú láàbù, ìwé ìlànà wà níwájú mi.

Ó ṣe mí bíi kí n da 212 nù. Ta ni ì bá mọ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìwádìí mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: "Kọ ọ́ bó ṣe rí, kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí o tún òmíràn po." Ọjọ́ 28 míì nìyẹn.

Mo ti rẹ èèpo tuntun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí gbígbẹ tí wọ́n bá gbẹ, omi sìmẹ́ǹtì ni wọ́n máa mu. Mo sì ti bẹ ìyá mi pé kó má pè mí lọ́la kó tó di aago méjì ọ̀sán. Ó ní kí ló dé, ṣé mo ti di dókítà ni?